Ilẹ̀ Àpáàdì Ilé Káńsù

Ọjọ́rú ni, ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá òwúrọ̀, ni dígà kọ́kọ́ ba ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ilé Káńsù. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí èyí, nítorí pé ìwé ọjọ́ orí mi ṣì wà lọ́wọ́ mi, akọ̀wé tó kọ ọ́ sì jẹ́ ẹni tó máa ń kọ aago sí ẹ̀gbẹ́ òǹtẹ̀. Bó ṣe gbé òǹtẹ̀ lé ìwé náà gẹ́lẹ́ ni ìró dígà dún níta. "Gbì" ni ti òǹtẹ̀ lórí tábìlì. Ti dígà kò dún bí irin tó wọ ilẹ̀. Ó dún gàn-ìn, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ṣíbí lu àwo. Ìyá ìyá mi, tí àtàǹpàkò wọn ṣì dúdú fún yíǹkì tí wọ́n fi tẹ̀ka, yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Kí ni wọ́n ń fọ́ níta yẹn?"

"Ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, Ìyá," ni akọ̀wé dáhùn láìgbójú sókè. "Ọ̀gá tuntun tí ìjọba yàn fún wa ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n ní ilẹ̀ yẹn ti gbó jù. A fẹ́ hú u, ká da sìmẹ́ńtì tuntun sí i, ká fi póólíṣì pupa kùn ún."

Ìyá àgbà nu ìka wọn sí etí aṣọ. Wọ́n mú ọ̀pá wọn lára ògiri, wọ́n dìde.

Ọdún 1985 ni. Mo fẹ́ wọ kíláàsì karùn-ún, ọ̀gá ilé-ìwé wa sì ti sọ pé ọmọ tí kò bá ní ìwé ọjọ́ orí kò ní í rí orúkọ rẹ̀ nínú rẹ́jísítà. Bàbá àti ìyá mi ń ṣiṣẹ́ tíṣà ní ìlú tó jìnnà. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ni mo ń gbé, ní agboolé wọn ní Òkèrèwè, ní Ifẹ̀. Àwọn ni wọ́n mú mi lọ sí Ilé Káńsù kí wọ́n lè jẹ́rìí sí i pé wọ́n bí mi, bí ẹni pé èmi tí mo dúró níbẹ̀ kò tó ẹ̀rí. Kí òǹtẹ̀ tó balẹ̀, àwọn àti akọ̀wé ti kọ́kọ́ fa ọ̀rọ̀ díẹ̀.

"Ìyá, ọjọ́ wo ni wọ́n bí ọmọ yìí?"

"Ọjọ́ tí òjò wó ilé ìdáná wa."

"Òjò kì í ṣe déètì, Ìyá."

"Kò lè jẹ́ déètì lójú ẹni tí òjò náà kò pa. Mo ní ọwọ́ mi yìí lọmọ náà bọ́ sí. Àbí ìwọ lo gbà á?"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Ó wo ìwé pélébé tí bàbá mi ti kọ déètì sí, ó dà á kọ, ó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé ìyá àgbà ni ẹlẹ́rìí. Ó di ìka wọn mú, ó tẹ̀ ẹ́ sí yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó sì gbé òǹtẹ̀ lé e. Ìgbà yẹn ni dígà dún.

Ilé Káńsù ni gbogbo ènìyàn ń pe ilé náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ́fíìsì tó ṣe pàtàkì ti kúrò níbẹ̀ kí n tó dáyé. Ilé alájà méjì ni. Ẹrẹ̀ ni wọ́n fi mọ ọ́, wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ lójú. Ògiri ìsàlẹ̀ nípọn débi pé bí mo bá na apá mi tán lójú fèrèsé, ọwọ́ mi kì í kan ìta. Orí fèrèsé kọ̀ọ̀kan kò ní igun. Ó rí roboto bí ẹ̀yìn igbá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Òpó mẹ́fà ló gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú dúró, ara wọn sì ti ń dán níbi tí èjìká àwọn tó ń dúró de akọ̀wé ti ń fara tì wọ́n láti ọdún pípẹ́. Inú ilé náà máa ń rùn bébà àtijọ́, ìgbẹ́ àdán àti kẹrosíìnì. Bí oòrùn bá ti ń mú, páànù orí rẹ̀ á máa ta pẹ́ú, pẹ́ú, bí ẹni pé ẹnì kan ń rìn lókè. Àwọn àgbà ní kóòtù ni ní ìbẹ̀rẹ̀, pé lẹ́yìn náà ló di ibi tí wọ́n ti ń san owó orí. Nígbà tèmi, ìbí àti ikú ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìtàn bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ẹnu ìyá àgbà nìkan ni mo ti gbọ́ ọ. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń sọ ọ́, nígbà tí a bá jókòó tí a ń bó ẹ̀gúsí, tí èèpo rẹ̀ ń ta sí wa lára. Èdè Ifẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Èmi ni mo ń kọ ọ́ lọ́nà tí ará ibòmíràn á fi gbọ́. Wọ́n ní kí ogun ńlá kejì àwọn òyìnbó tó bẹ̀rẹ̀ ni, nígbà tí àwọn ti yọ ọmú ṣùgbọ́n tí àwọn kò tíì relé ọkọ. Wọ́n pín iṣẹ́ fún agboolé kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọkùnrin ń gún ẹrẹ̀, àwọn obìnrin ń ru omi. Nígbà tó kan ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀, sìmẹ́ńtì tí wọ́n ń retí kò dé, nítorí òjò ti ba ọ̀nà jẹ́. Olórí àwọn bíríkìlà káwọ́ lérí. Ìyá ìyá àgbà ló wá sọ fún un pé ilẹ̀ tí àwọn ará àtijọ́ ń tẹ̀ kò ní sìmẹ́ńtì nínú.

Ọmọ Ifẹ̀ kankan kò ní í béèrè ohun tí obìnrin náà ń wí. Bí òjò ńlá bá wọ́ ojú ọ̀nà lọ, wàá rí àpáàdì lábẹ́ rẹ̀, wọ́n tò bí eyín. Àwọn kan ní obìnrin kan tó jọba láyé ọjọ́un ni kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan òun lẹ́sẹ̀, tó fi ní kí wọ́n tẹ́ gbogbo ìgboro bẹ́ẹ̀. N kò ní ẹ̀rí kankan lórí ìyẹn. Àpáàdì ni mo rí, n kò rí ọba.

"Wọn kì í tẹ́ ẹ sílẹ̀," ni ìyá àgbà máa ń sọ, wọ́n á sì fi àtẹ́lẹwọ́ wọn ṣàpèjúwe, wọ́n á tẹ́ ẹ, wọ́n á wá gbé e dúró. "Èyí tí o bá tẹ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ á fọ́ ọ. Èyí tó dúró, bí ẹsẹ̀ bá ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ló ń wọlẹ̀ sí i."

Wọ́n ní àwọn obìnrin agboolé àwọn ṣa àpáàdì káàkiri, lẹ́yìn àgbàlá, nídìí àkìtàn, ní ẹnu odò. Wọ́n rẹ èèpo èso igi irúgbá sómi títí omi náà fi pọ́n, òun ni wọ́n ń dà sí ilẹ̀ tí wọ́n fi ń lù ú, kó lè gan. Ìyá wọn ń tò, àwọn náà ń tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aláró ni ìyá wọn. Ìkòkò aró rẹ̀ kan ti là lọ́dún náà, ó sì wà lára àpáàdì tí wọ́n kó wá. "Ìlà kẹta láti ẹnu ọ̀nà, lọ́wọ́ òsì," ni wọ́n máa ń sọ. "Méjì ni. Ìyá mi fọwọ́ ara rẹ̀ kì wọ́n bọ̀ ọ́."

Mo máa ń béèrè pé, "Ta ló rí yín?"

"Lọ́yà mi tún ti dé," wọ́n á rẹ́rìn-ín. "Àwọn tó rí wa ti kú. Ilẹ̀ náà kò kú."

Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé n kò rí ilẹ̀ náà rí. Kí n tó dáyé ni wọ́n ti rẹ́ sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e lórí. Ohun tí mo ń tẹ̀ bí a bá kọjá níbẹ̀ ni ilẹ̀ eérú lásán tó ti ya níbí, tó ti bó lọ́hùn-ún. Ìyá àgbà sì ní àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí n kò gbà. Wọ́n ní òyìnbó ajẹ́lẹ̀ bọ́ bàtà rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé náà kó tó gun ilẹ̀ àwọn. Mo rò ó títí, n kò rí ìdí tí òyìnbó fi máa bọ́ bàtà. Bí èyí kò bá jóòótọ́, mélòó nínú èyí tó kù ló jóòótọ́? Bí mo ṣe ń rò ó nìyẹn ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. N kò sọ ọ́ síta, ṣùgbọ́n mo rò pé wọ́n mọ̀.

Nígbà tí a jáde láti ọ̀dọ̀ akọ̀wé lọ́jọ́ náà, a bá àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́ta lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, àti fọ́ọ́máànù wọn, ọkùnrin ará Ẹdẹ kan tó dé fìlà funfun pélébé, tó gbé búútà àlùwàlá rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òpó. Wọ́n ti hó sìmẹ́ńtì náà kúrò ní ìwọ̀n ẹní kan níwájú ẹnu ọ̀nà. Èyí tó kéré jù nínú wọn ló kọ́kọ́ ju dígà sílẹ̀.

"Fọ́ọ́máànù! Ẹ wá wò ó o! Ẹ wá wo nǹkan tó wà nílẹ̀ yìí!"

"Kí ni? Ṣé ejò ni?"

"Ejò kọ́. Ìkòkò fífọ́ ni. Wọ́n tò ó!"

Òṣìṣẹ́ kan tó dàgbà jù ú lọ tẹ̀ síwájú, ó yọjú, ó sì fà sẹ́yìn. "Wọ́n tò ó? Ní Ifẹ̀ yìí? Ojúbọ nìyẹn. Èmi ò sí níbẹ̀ o." Ó ti ń wá sálúbàtà rẹ̀ kiri.

"Ṣé ẹ ò ní padà sídìí iṣẹ́ ni?" ni fọ́ọ́máànù wí.

"Ẹ̀yin ẹ gbá a, ọ̀gá. Dígà rèé. Bí ọwọ́ yín bá rọ, èmi ni mo máa bá yín gbé e délé."

Fọ́ọ́máànù wo dígà, ó wo ilẹ̀, ó fọwọ́ kan fìlà rẹ̀. "Subuhánaláì" ló jáde lẹ́nu rẹ̀ ní ohùn jẹ́jẹ́. Kò gbá a.

Akọ̀wé jáde síta ti òun ti fáìlì lábíyá. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó. Ọmọ Ifẹ̀ ni òun náà, ojú rẹ̀ sì ti yí padà. "Bó bá jẹ́ ojúbọ ni, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án," ni ó wí. "Màá kọ ọ́ síbí. A ó fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀ bó ṣe wà, ká máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Kò sí ọ̀gá tuntun tó máa bá òrìṣà du ilẹ̀." Ó ṣí fáìlì, ó yọ bírò, ó sì wo ìyá àgbà. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ dàgbà jù níbí. Òrìṣà wo ló ni ibẹ̀?"

Mo fẹ́ kí ó yé ẹni tó ń kà á bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní ìṣẹ́jú yẹn, nítorí kò yé èmi nígbà náà. Wọn kò ní kí ìyá àgbà búra. Kò pọn dandan kí wọ́n purọ́ pàápàá. Bí wọ́n bá dákẹ́, tàbí bí wọ́n bá mi orí, ilẹ̀ náà ti bọ́. Òrìṣà pọ̀ ní Ifẹ̀ débi pé orúkọ yòówù tí arúgbó obìnrin bá dá níbẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó máa jiyàn.

Wọ́n dákẹ́. Páànù ń ta pẹ́ú lókè. Wọ́n ti bọ́ bàtà wọn, n kò mọ ìgbà tí wọ́n bọ́ ọ, ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn sì ń rìn lórí etí àpáàdì náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń ka nǹkan.

Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń wá ẹ̀rí, òun ló wà níwájú mi yìí: ó dúró, kò tẹ́ sílẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, bí wọ́n ṣe fi ọwọ́ júwe rẹ̀ fún mi gẹ́lẹ́. Inú mi dùn. Mo pariwo pé, "Ìyá! Ilẹ̀ tí ẹ̀yin àti ìyá yín tò nìyí! Òótọ́ ni! Òótọ́ lẹ sọ!"

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ìyá àgbà náà wò mí. N kò rí ìbínú lójú wọn, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ni mo ń wò ju ojú wọn lọ, nítorí náà n kò lè búra.

"Ìyá, kí lọmọ yìí ń sọ?" ni akọ̀wé béèrè.

"Òótọ́ ló ń sọ," ni wọ́n dáhùn. "Kò sí òrìṣà níbẹ̀. Èmi àti ìyá mi la tò ó."

"Ìyá, ẹ má fi òrìṣà ṣeré o," ni òṣìṣẹ́ àgbà wí.

"Ta ló ń fi òrìṣà ṣeré? Òrìṣà ló ru omi tí wọ́n fi lù ú? Wò ó." Wọ́n tú gèlè wọn, wọ́n sì tẹ orí ba fún un. Ní àárín gbùngbùn, irun kò hù níbẹ̀. "Òṣùká ló hó o. Lọ bi òrìṣà bóyá orí tirẹ̀ náà rí báyìí."

Ọmọdékùnrin òṣìṣẹ́ náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu. Fọ́ọ́máànù kò rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ni ó wí. "Báwo la ṣe máa mọ̀?"

"Ka ìlà mẹ́ta láti ẹnu ọ̀nà. Ọwọ́ òsì. Bu omi sí i."

Fọ́ọ́máànù fúnra rẹ̀ ló gbé búútà rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan hó sìmẹ́ńtì tó kù lórí ibẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì da omi. Àpáàdì tó kù pọ́n bí ilẹ̀ rírẹ. Àwọn méjì dúdú, dúdú tó ní aró nínú, irú èyí tí mo máa ń rí lára èékánná àwọn aláró. Méjì gan-an ni wọ́n. Mo kà wọ́n.

Fọ́ọ́máànù gbé búútà sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ ìlàjì, ọwọ́ rẹ̀ kan ilẹ̀ náà. "Ìyá, ọwọ́ yín mà mọ́ o. Bíríkìlà ni mí láti kékeré, n kò tò báyìí rí."

"Ìyá mi ló mọ̀ ọ́n tò," ni wọ́n wí.

Akọ̀wé ti ń pa bírò rẹ̀ dé. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Òrìṣà kankan kò sí níbẹ̀, àbí?"

"Kò sí."

"A jẹ́ pé ẹ lè máa bá iṣẹ́ lọ."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Ó yé mi pé òótọ́ tí mo pariwo rẹ̀ ló máa jẹ́ kí wọ́n hú u. Mo di etí aṣọ ìyá àgbà mú. Wọ́n tì mí sí ẹ̀yìn wọn pẹ̀lẹ́, wọ́n sì sún mọ́ akọ̀wé.

"Ṣí ìwé náà. Kọ ọ́ síbẹ̀."

"Kí ni kí n kọ, Ìyá?"

"Kọ pé obìnrin ló tò ó. Kọ orúkọ ìyá mi." Wọ́n dá orúkọ náà, ẹ̀ẹ̀mejì, wọ́n ń fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí ó lè bá a. Mo rí ọwọ́ akọ̀wé tó ń lọ lórí ìwé. Mo rí i dáadáa.

Wọ́n wá yíjú sí fọ́ọ́máànù. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹ ò lè da sìmẹ́ńtì yín sí ibòmíràn?"

Ọkùnrin náà fọwọ́ nu ojú. "Ìyá, bó bá jẹ́ òrìṣà ni, mo ní ohun tí mo máa sọ fún àwọn ọ̀gá. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, kí ni kí n sọ?"

Ìyá àgbà di ọwọ́ mi mú, a kúrò níbẹ̀. Nígbà tí a dé ojú títì, a ti ń gbọ́ dígà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo sunkún títí a fi dé ẹnu ọ̀nà agboolé. Nígbà tí mo lè sọ̀rọ̀, mo béèrè ìdí tí wọn kò fi sọ pé ojúbọ ni.

"Ìwọ ti sọ̀rọ̀ tán," ni wọ́n wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n dúró, wọ́n gbára lé ọ̀pá. "Òrìṣà ní iṣẹ́ tó pọ̀ ní Ifẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo ohun tó bá ti pẹ́, wọ́n á ní òun ló ṣe é. Èyí kan ṣoṣo tí ìyá mi ṣe, bí mo bá tún gbé e fún òrìṣà, kí ló kù fún un?"

Láti ìgbà náà ni mo ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí lọ, tí mo ń wò ó bọ̀. Ó lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n máa sọ náà nìyẹn, bí n kò tilẹ̀ la ẹnu. Ó sì lè jẹ́ pé wọ́n fẹ́ mi orí, tí wọ́n wá rí i pé bí àwọn bá mi orí, èmi ni mo di òpùrọ́ níwájú gbogbo ènìyàn. Dídákẹ́ tí wọ́n dákẹ́ gùn tó láti gba méjèèjì. N kò bi wọ́n nígbà tí wọ́n wà láyé. Èmi tí mo máa ń béèrè ohun gbogbo, n kò béèrè ìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, fọ́ọ́máànù wá sí agboolé wa. Ó gbé dígà kan dání, ó ní kí ìyá àgbà wò ó. Ẹnu rẹ̀ ti ká kò bí ètè arúgbó.

"Ìyá, ẹ san dígà mi fún mi o," ni ó wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ọjọ́ mẹ́ta! Etí àtẹ̀gùn nìkan la rí hú, àti ìwọ̀n abọ́ kan níwájú ẹnu ọ̀nà. Èyí tó kù kò gbà fún wa. A máa da sìmẹ́ńtì lé e lórí bẹ́ẹ̀ ni lọ́la."

"Mo wí bẹ́ẹ̀," ni ìyá àgbà sọ. "Bí ẹ ṣe ń lù ú ló ń wọlẹ̀ sí i."

Ọkùnrin náà wá tú bébà sìmẹ́ńtì kékeré kan. Àpáàdì aró méjèèjì ló wà níbẹ̀, ó ti fọ̀ wọ́n. "Mo ní kí n kó wọn wá fún yín, kí ẹ rí nǹkan fi rántí ìyá yín."

Wọ́n gbé wọn sórí àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n gbé wọn súnmọ́ imú, bóyá wọ́n ń wá òórùn aró. N kò rò pé ó lè ṣẹ́ kù. Wọ́n dì wọ́n padà sínú bébà náà, wọ́n sì nà án sí i.

"O ṣeun, ọmọ mi. Dá wọn padà síbi tí o ti yọ wọ́n. Ìyá mi kò tò wọ́n fún ilé mi."

"Ìyá, wọ́n á bò mọ́lẹ̀ ni o. Ẹ ò ní í rí wọn mọ́."

"Mo ti rí wọn tẹ́lẹ̀. Ìdúró ni kí o fi wọ́n sí. Má tẹ́ wọn."

Ó ní òun á ṣe é. Ó ṣèlérí pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì láyà. N kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n da sìmẹ́ńtì, ìyá àgbà náà kò lọ. Ní ọjọ́ Ajé, ilẹ̀ náà ti pupa, ó ń dán, àwọn ènìyàn ń yọ̀ lórí rẹ̀.

Ìyá àgbà kò sọ ìtàn ilé náà fún mi mọ́, nítorí n kò béèrè ẹ̀rí mọ́. Ó tó ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà kí wọ́n tó papò dà. Ilé kan náà ni ìyá mi ti lọ kọ ikú wọn sílẹ̀.

Lẹ́yìn tí mo parí yunifásítì, mo padà sí Ilé Káńsù pẹ̀lú lẹ́tà, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n wo fáìlì iṣẹ́ ọdún náà. Akọ̀wé àtijọ́ ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n wá fáìlì náà fún ọjọ́ méjì, wọ́n rí i. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ohun tó wí ní Yorùbá ni pé: "Ìkòkò fífọ́ ni wọ́n bá lábẹ́ ilẹ̀ àtijọ́. Kì í ṣe ojúbọ. Kí iṣẹ́ máa lọ." Kò sí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo yí ojú ìwé náà, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Orúkọ tí mo rí tí ọwọ́ ń kọ, n kò rí i. Bóyá orí ìwé mìíràn ló kọ ọ́ sí. Bóyá bírò lásán ló ń gbé kiri kí arúgbó lè lọ sílé. Ọ̀kan ṣoṣo nínú ìwé ìjọba tí mo mọ̀ pé ó gba ọ̀rọ̀ ìyá àgbà gbọ́ láìbéèrè àpáàdì ni ìwé ọjọ́ orí mi, àtàǹpàkò wọn sì wà níbẹ̀, ó dúdú kedere, ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ohun tí mo ń gbé kiri láti ọjọ́ náà kì í ṣe ẹ̀bi nìkan. Mo ṣì ń béèrè pé ta ló rí i. Iṣẹ́ tí mo kọ́, tó jẹ́ wíwá ẹ̀rí, kò jẹ́ kí n dẹ́kun. Ṣùgbọ́n kí n tó la ẹnu báyìí, mo máa ń kọ́kọ́ wo ojú ẹni tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ tirẹ̀, kí n mọ̀ bóyá ó fẹ́ kí ẹ̀rí òun jáde lónìí.

Nígbà tí mo dá fáìlì náà padà, mo gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde. Póólíṣì pupa ti parẹ́. Sìmẹ́ńtì fọ́ọ́máànù ti ya láti òpó kan dé èkejì, ó sì ti bó nídìí òpó kan. Ìlà kẹta láti ẹnu ọ̀nà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà n kò lè sọ bóyá ó dá àpáàdì aró náà padà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tó ti bó. Àpáàdì méje ló yọ etí síta níbẹ̀, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, ìdúró ni gbogbo wọn wà. Mo fi ìka mi tì wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó mì.